Kọ̀ǹpútà Kọ̀ Kò Jí Lẹ́yìn Tí A Fi Káàdì Àwòrán Sí I: Ibo Ló Dúró Sí?

Bí àsìkò iṣẹ́ àkànṣe àṣekágbá bá ti ń sún mọ́ báyìí ni àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì máa ń lọ ra graphics card tòkunbọ̀, èyí tí n ó máa pè ní káàdì àwòrán. Ẹni tó ń to fídíò pọ̀ fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ yá. Ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà náà rà á, á sì ní torí iṣẹ́ àkànṣe ni. Inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì àlòkù ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. Wọ́n á dé e padà, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, ojú mọ́nítọ̀ á ṣú dùdù. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹnì kan á ti sọ fún wọn pé Windows ló bàjẹ́, kí wọ́n lọ fi òmíràn sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Fífi káàdì sínú kọ̀ǹpútà kì í pa nǹkan kan rẹ́ lórí disk. Orí kẹta iṣẹ́ yín ṣì wà níbi tí ẹ fi sí. Windows tuntun tí wọ́n bá fi lé e lórí ló lè gbá a lọ.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ibo ló dúró sí. Kọ̀ǹpútà kì í ṣàdédé jí. Iná á kọ́kọ́ wọlé, BIOS á yẹ ara ẹ̀rọ wò, á wá ibi tí yóò ti gbé àwòrán jáde, ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó pe Windows. Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì kí iná tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè tán, ẹ yọ káàdì, ẹ ki wáyà mọ́nítọ̀ bọ ẹ̀yìn motherboard, kí ẹ tún tàn án. Bó bá jí, kọ̀ǹpútà yín kò kú. Ṣùgbọ́n bí processor yín bá jẹ́ irú Intel tí lẹ́tà F gbẹ̀yìn orúkọ rẹ̀, bíi i5-10400F, kò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ má fi ìyẹn dá a lẹ́jọ́.

Bí káàdì bá wà nínú rẹ̀ tí kò jí rárá, tàbí tí fáànù yí díẹ̀ tó tún dúró, iná ni kí ẹ fura sí. Slot tí a ń ki káàdì bọ̀ kò gbọdọ̀ fún un ju 75 wáàtì lọ. Wáyà 6-pin láti inú power pack ń fi 75 kún un, 8-pin ń fi 150 kún un. Káàdì tó ní ojú 8-pin kan lè gbà tó 225 wáàtì, bẹ́ẹ̀ ẹ lè rí i lára power pack kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kékeré pé 240 ni gbogbo ohun tó ní, processor àti disk náà sì ń jẹ nínú rẹ̀. Níbí ni àwọn kan ti máa ń ra wáyà àsopọ̀ tó ń sọ ojú SATA di 6-pin. Mi ò fọwọ́ sí i. 54 wáàtì ni ojú SATA lè gbé lórí iná 12 volt; bí ẹ bá fi fa 75, ó lè yọ́, inú yàrá tí ẹ ń sùn ló sì wà. Káàdì tí slot nìkan tó ni kí ẹ wá. GTX 1050 Ti jẹ́ ọ̀kan, 75 wáàtì ni, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní ojú wáyà rárá.

Bí fáànù bá ń yí tí ojú mọ́nítọ̀ ṣì dúdú, ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Wáyà mọ́nítọ̀ á ṣì wà lójú àtijọ́, lára motherboard, bẹ́ẹ̀ ara káàdì ló yẹ kó wà. Ẹ ti káàdì títí ìkọ́ rẹ̀ yóò fi dún kẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ RAM náà mọ́lẹ̀, torí ọwọ́ tó ń wá àyè fún káàdì lè ti sún un.

Bí gbogbo ìyẹn bá pé, ó ku BIOS, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Kọ̀ǹpútà tuntun ń lo UEFI. Káàdì tó ti pẹ́ lè má gbọ́ èdè UEFI, kò sì ní gbé àwòrán jáde àfi tí a bá tan CSM. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà lè kọ káàdì tuntun títí a ó fi fi ẹ̀dà BIOS tuntun sí i. Kí ẹ tó yí ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya bó ṣe wà. Bí ẹ bá sọ UEFI di ti àtijọ́, Windows tí wọ́n fi sí i lọ́nà UEFI kò ní jí, kọ̀ǹpútà á ní òun kò rí disk kankan tí òun lè fi jí. Yíyọ bátìrì róbótó inú rẹ̀ náà lè fa èyí, nítorí ó ń dá BIOS padà sí bí wọ́n ṣe kó o jáde. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń lé àwọn ènìyàn lọ fi Windows tuntun sí i, wọ́n rò pé disk ti ṣófo. Kò ṣófo. Ẹ dá a padà sí bó ṣe wà nínú fọ́tò, Windows á jáde. Bó bá sì béèrè nọ́ńbà gígùn, BitLocker ló rí i pé nǹkan ti yí padà. Nọ́ńbà 48 ni, ó sábà máa ń wà nínú àkáǹtì Microsoft yín. Ẹ ti wá a sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà.

Èyí tó bá gbé àmì Windows jáde kó tó dúdú kò le púpọ̀. Driver ni. Ẹ wọ Safe Mode, ẹ yọ driver àtijọ́, ẹ fi ti káàdì tuntun sí i. Bí Windows bá fi Reset this PC lọ̀ yín lójú ọ̀nà, ẹ kọjá lára rẹ̀.

Bó bá ṣì kọ̀, ẹ fi káàdì náà sínú kọ̀ǹpútà mìíràn tí power pack rẹ̀ tó, kí ẹ tó gbé e padà fún ẹni tó tà á. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rà á, bó ṣe Computer Village ní Ìkẹjà lẹ ń lọ, ẹ ya àwòrán ohun tí wọ́n kọ sára power pack yín dání, kí ẹ sì ní kí wọ́n tan káàdì náà lójú yín.