Bí A Ṣe Ń Mú Kí Àwòrán Kàtúùnù Rìn Bí Ènìyàn

(Àròkọ Aṣàlàyé)

Kàtúùnù ni àwòrán tí a yà, tó ń rìn, tó sì ń sọ̀rọ̀ lójú amóhùnmáwòrán. Àwòrán kan ṣoṣo kò lè rìn. Ọ̀pọ̀ àwòrán tó yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ síra wọn ni a ń tò tẹ̀ léra. Nínú fíìmù, 24 ló ń kọjá lójú wa ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìrìn náà kò bá bá ti ẹ̀dá mu, kíá ni òǹwòran yóò mọ̀. Ìdí nìyí tí ayàwòrán fi gbọ́dọ̀ ní àwòkọ́ṣe.

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Síbẹ̀, ojú pàápàá a máa tan ni jẹ. Ó pẹ́ tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù ti ń ya ẹṣin tó ń sáré bí ẹni pé ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1878, Eadweard Muybridge to kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní California láti ya ẹṣin lórí eré. Àwòrán rẹ̀ fi hàn pé lóòótọ́ ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a máa kúrò nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹṣin bá kó wọn jọ sábẹ́ ikùn ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀dọ́ kan ní Magodo, tó fẹ́ ya alábàárù, ṣe àpẹẹrẹ. Ọjà Mile 12 kò jìnnà sí i. Kí ó lọ síbẹ̀, kí ó gba àyè lọ́wọ́ alábàárù tó ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì, kí ó sì fi fóònù ká ìrìn rẹ̀. Bí ó bá ń dá fídíò náà dúró díẹ̀díẹ̀, yóò rí i pé ọrùn nà ṣánṣán, orúnkún tẹ̀ díẹ̀, ìgbésẹ̀ sì kúrú. Àmì wọ̀nyí ló ń fi hàn pé ẹrù wúwo. Lẹ́yìn èyí, kí ó ya ìdúró mẹ́rin tó ṣe kókó: ìgbà tí gìgísẹ̀ kanlẹ̀, ìgbà tí ara rọ̀ sórí ẹsẹ̀ náà, ìgbà tí ẹsẹ̀ kejì ń kọjá, àti ìgbà tí ara tún gòkè. Àwọn àwòrán tó kù yóò wá bọ́ sáàárín wọn.

Yàtọ̀ sí èyí, àṣà wà nínú ìrìn àti ìṣe. Ní 2024, Disney àti Kugali gbé Iwájú jáde, kàtúùnù tí ìtàn rẹ̀ wáyé ní Èkó. Ayé ti ń wò wá báyìí. Ẹni tó ń wo fíìmù òkèèrè nìkan kò lè rí ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ níbẹ̀: bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe ń kanlẹ̀ ṣáájú, kí àyà tó tẹ̀ lé e. Bí a bá yà á bí ẹni tó ṣubú, a ti sọ ọ̀wọ̀ di ẹ̀sín.

Ní ìparí, ọwọ́ ló ń ya àwòrán, ṣùgbọ́n ojú ni olùkọ́ ọwọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ ní ẹ̀mí, kí ó kọ́kọ́ wo alààyè dáadáa.

Àkíyèsí fún olùdánwò: Nínú àròkọ aṣàlàyé, sọ ohun tí nǹkan jẹ́, ìdí rẹ̀, àti bí a ṣe ń ṣe é, má ṣe sọ ọ́ di ìtàn.