Ṣé o mọ̀ pé káńfọ̀ lè ba ọpọlọ ọmọ tuntun jẹ́?

Káńfọ̀ ni nǹkan róbótó funfun tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà Ketu àti Mile 12 ní Èkó láti fi lé aáyán. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń kó o sáàárín aṣọ ìkókó. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò bá ní èròjà G6PD tó (èyí wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, pàápàá lára ọmọkùnrin), òórùn káńfọ̀ lè máa fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹyinjú, èrìgì àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á di yẹ́lò: ibà pọ́njú ti dé nìyẹn. Bó bá le débi tó wọ ọpọlọ, ọmọ lè di adití, ó sì lè má dá jókòó tàbí rìn láéláé. Àwọn ará ilé á wá ní emèrè ni, tàbí pé àjẹ́ ló wà nídìí ẹ̀. Ó máa ń dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ irú àìsàn yìí ló ṣeé dènà.

Omi glúkóòsì kì í wo ibà pọ́njú, oòrùn àárọ̀ nìkan ò tó. Iná búlúù ilé ìwòsàn ló ń gba ọmọ sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má kó káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ. Bí ojú rẹ̀ bá sì pọ́n, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.