Fọ́tò Méjìlá Péré: Bí Ààlà Ṣe Ń Mú Kí Iṣẹ́ Ayàwòrán Dára Sí I

Bí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá dé lónìí, bí agbo ṣe ń kún fún èrò náà ló ń kún fún fóònù. Ẹnì kan lè ya fọ́tò 400 kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n bí ọdún mélòó kan bá kọjá, tí a bi í léèrè pé ta ló gbẹ́ ère yìí, ìdílé wo ló ni ín, orin wo ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ nígbà náà, kò ní í rí èsì fọ̀. Fọ́tò pọ̀, ìmọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Àdánù gidi nìyẹn fún àwa tí à ń tọ́jú àṣà, nítorí àwọn àgbà tó lè dáhùn kò ní í wà pẹ̀lú wa títí.

Ààlà lè jẹ́ àtúnṣe sí i: yálà èyí tí irinṣẹ́ fúnra rẹ̀ fà, tàbí èyí tí ayàwòrán fọwọ́ ara rẹ̀ pa. Àpẹẹrẹ rẹ̀ kò jìnnà sí wa.

Kámẹ́rà Fátúnmbí

Ní Paris ni wọ́n ti bí Pierre Verger ní 1902. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fọ́tò ní 1932, ó gúnlẹ̀ sí Bahia ní Brazil ní 1946, lẹ́yìn náà ó wá sí ilẹ̀ wa láti wá orísun àwọn òrìṣà tí ó rí lọ́hùn-ún. Kétu ni ó ti di babaláwo ní 1953, tí ó sì gba orúkọ Fátúnmbí.

Rolleiflex ni kámẹ́rà tí ayé mọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Fíìmù kan nínú rẹ̀ gba fọ́tò 12 péré. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó yọ ọ́, a ó fi òmíràn sí i. Lẹ́ńsì rẹ̀ kò lè fa ohun tó jìnnà mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ rí ojú onílù dáadáa gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn sún mọ́ ọn. A kì í sì í gbé e sójú: ibi àyà tàbí ikùn ni a ń gbé e sí, a ó tẹ orí ba láti wo dígí tó wà lókè rẹ̀. Nínú dígí yẹn, ọ̀tún ti di òsì.

Lójú ẹni tó ti mọ fóònù lára, ìnira ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìnira náà ń ṣe. Ẹni tó ní fọ́tò 12 kò ní í tẹ kámẹ́rà kó tó wo ijó náà títí yóò fi mọ ibi tí ẹsẹ̀ oníjó ti ń bá ìlù pàdé. Ẹni tó gbọ́dọ̀ sún mọ́ àgbà gbọ́dọ̀ kí àgbà kó tó yà á. Ìkíni yẹn ló sì ń bí ọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ ń bí orúkọ àti ìtàn. Níwọ̀n bí kámẹ́rà kò sì ti bo ojú ayàwòrán, àwọn méjèèjì lè máa rí ara wọn. Láti ibi àyà, lẹ́ńsì ń wo ènìyàn láti ìsàlẹ̀ díẹ̀, nítorí náà ẹni tí a yà máa ń dúró pẹ̀lú iyì nínú fọ́tò.

Ààlà kò sọ pé kí iṣẹ́ kéré. Fọ́tò tí Verger fi sílẹ̀ nígbà tó kú ní 1996 lé ní 60,000. Ṣùgbọ́n méjìlá méjìlá ni wọ́n fi kóra jọ, láàárín ọ̀pọ̀ ọdún.

Ààlà kejì tún wà. Théodore Monod, olórí ilé ìwádìí IFAN ní Dakar, fẹ́ kí ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, kì í ṣe kí ó kàn yà á. Kíkọ ni ó ń mú kí ènìyàn padà lọ béèrè ohun tí ojú kò rí. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni ìwé rẹ̀ lórí ìsìn òrìṣà àti vodun ti jáde ní 1957.

Aṣọ kan ní Àjàṣẹ́

Àpẹẹrẹ mìíràn wà ní Àjàṣẹ́. Joseph Moïse Agbodjelou ya fọ́tò àwọn ará ìlú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ rẹ̀ Léonce Raphaël, tí a bí ní 1965, sì tẹ̀ lé e. Nínú àwọn fọ́tò tí ọmọ pè ní Citizens of Porto-Novo, ohun tó lò kò pọ̀: aṣọ aláràbarà lẹ́yìn, ènìyàn kan tàbí méjì níwájú. Nítorí pé ìyókù kò yí padà púpọ̀, ojú wa lọ tààrà sí ohun tó yàtọ̀: aṣọ tí ẹni náà yàn, bí ó ṣe dúró, ohun tó mú dání.

Bí a ṣe lè pa ààlà tiwa

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fọ́tò fún àkójọ ẹgbẹ́, ẹ lè fi fóònù lásán dán èyí wò:

– Ẹ ya fọ́tò 12 péré ní ọjọ́ kan, kí ẹ má sì pa ọ̀kankan rẹ́.
– Ẹ má fa àwòrán mọ́ra lórí fóònù. Ẹ rìn débẹ̀, kí ẹ kí ènìyàn, kí ẹ gba àṣẹ.
– Ẹ mú ohun kan ṣoṣo: ọwọ́ agbẹ́gilére, tàbí ẹsẹ̀ oníjó, tàbí bí wọ́n ṣe ń di aṣọ mọ́ eléré lára.
– Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ kọ orúkọ, ibi, ọjọ́ àti ìtàn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ kò bá rí nǹkan kọ nípa rẹ̀, ẹ padà lọ béèrè.

Àwọn ààlà kan sì wà tí a bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa. Kámẹ́rà kì í wọ igbó Orò. Ayàwòrán tó bá bọ̀wọ̀ fún èyí yóò kọ́ láti fi ojú ẹni tó dúró síta, tàbí ilẹ̀kùn tó tì, sọ pé ohun ńlá ń lọ nínú ilé.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ni ààlà yẹ fún. Bí ilé àwọn Àgùdà kan bá fẹ́ wó ní Àjàṣẹ́, ẹ má ka fọ́tò: ẹ ya gbogbo ògiri, fèrèsé àti òrùlé rẹ̀ kí òjò tó gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ní ojú agbo, níbi tí ènìyàn ti wà láàyè tó sì lè sọ̀rọ̀, fọ́tò 12 tó ní orúkọ yóò wúlò fún àwọn ọmọ wa ju 400 tí kò ní lọ.