Kí a Tó Ní Wọ́n Di Ìbọn: Ìtọ́jú Ọ̀pá Ìbọn Afẹ́fẹ́ tí Inú Rẹ̀ Jẹ́ Onígun



Ìfáàrà

Ó lè ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ló dìde láti sọ̀rọ̀ lórí inú ọ̀pá ìbọn. Ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè fi ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ṣe iṣẹ́ ṣe kí a má bá ọdẹ àti irin rẹ̀ pàdé. Ọdẹ ni akọni inú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà tẹ̀ jáde ní 1938. Ìjálá ọdẹ ni Adébóyè Babalọlá ṣe ìwádìí lé lórí nínú ìwé rẹ̀ ti 1966. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká sì fi Ìdànrè sọ ìwé ewì rẹ̀ ní 1967, Ògún ló fi sí àárín ewì náà.

Ìdànrè yìí kan náà ni Ofosu wà, lójú ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Ìlú Bìní, nítòsí igbó ọba Àkúrẹ́-Ofosu. Ilẹ̀ kòkó ni, ilẹ̀ òjò sì ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ kòkó níbẹ̀, ọ̀rinrin sì ń jẹ irin. Ní irú ilẹ̀ báyìí, bí ìbọn tí kì í tàsé bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í tàsé lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin, ohun tí ọdẹ máa ń sọ ni pé, ‘Wọ́n ti di ìbọn mi.’ N kò wá bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí agbára oògùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a tó wá ẹni tó dì í, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ohun tó dì sínú rẹ̀.

Ilà inú ọ̀pá

Inú ọ̀pá ìbọn ṣakabùlà tẹ́jú, kò ní àmì kankan. Ìbọn afẹ́fẹ́ tó dára kò rí bẹ́ẹ̀. Ó kọlà inú: ilà náà ń lọ́ yí ọ̀pá ká bí okùn tí a lọ́, ó sì sábà máa ń yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín bí íńṣì 16 sí 18. Iṣẹ́ ilà yìí ni láti mú ọta máa yí bó ti ń lọ. Gbogbo wa la ta òkòtó rí ní kékeré. Òkòtó tó ń yí kì í ṣubú. Èyí tí kò bá yí mọ́ ni í dojú bolẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọta rí nínú afẹ́fẹ́.

Òjé ni ọta ìbọn afẹ́fẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ sì sábà jẹ́ mìlímítà 4.5 tàbí 5.5 ní ìbú. Ìbàdí rẹ̀ fún bí ti gángan. Etí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ a sì tì í kí ó lè kún inú ọ̀pá dáadáa.

Ní ọ̀pá tó wọ́pọ̀, ilà náà dà bí poro oko: ebè ń bẹ, poro ń bẹ, igun wọn sì mú. Ní ti ọ̀pá onígun tí à ń sọ yìí, kò sí ebè, kò sí poro. Inú rẹ̀ ní ojú mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn igun rẹ̀ sì ti di roboto. Kò gé ọta. Ṣe ló rọra ń fún un mọ́ra. Òjé kì í rí kọ̀rọ̀ sá sí nínú irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó rọrùn láti nù ju ti ọ̀pá elébè lọ.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Joseph Whitworth, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìbọn ẹlẹ́tù tí inú rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́fà. Ní 1857 wọ́n gbé e díje pẹ̀lú ìbọn Enfield tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà ń lò. Ilà Enfield ń yí po lẹ́ẹ̀kan nínú íńṣì 78, ti Whitworth nínú íńṣì 20. Ti Whitworth ló borí. Síbẹ̀ ìjọba kò gbà á fún gbogbo ọmọ ogun, nítorí pé owó rẹ̀ wọ́n, àti pé eérú ẹ̀tù tètè ń dì sínú rẹ̀. Ìbọn tó mọ ọ̀nà jù lọ nígbà náà, ìdọ̀tí wà lára ohun tó dí i lọ́nà.

Bí a ṣe ń nù ún

Ìbọn afẹ́fẹ́ kò ní ẹ̀tù, nítorí náà kò ní eérú. Òjé tó ń fara ra ọ̀pá àti epo ara ọta nìkan ni ìdọ̀tí rẹ̀. Èyí ló fà á tí kò fi yẹ kí a máa nù ún lójoojúmọ́. Ìgbà tí ọta bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ká ni kí a nù ún.

Èkínní, kí a rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, pé a kò sì tíì fà á sílẹ̀ fún yíyìn. Èkejì, kí a ki okùn ọ̀rá tín-ín-rín bọ ẹnu ìbọn títí yóò fi yọ níbi tí à ń ki ọta sí. Kí a so àkísà òwú funfun kékeré mọ́ ọn níbẹ̀, kí a wá fà á jáde láti ẹnu, bí ọta ti ń gbà. Kí àkísà àkọ́kọ́ ní epo ìnubọn díẹ̀. Kí àwọn tó tẹ̀ lé e gbẹ. Bí àkísà bá ti jáde ní funfun, ó tó. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì onírin há inú rẹ̀, kí a má sì jẹ́ kí irin kankan ha etí ẹnu ìbọn. Ibẹ̀ ni ọta ti ń dágbére fún ọ̀pá. Bí ó bá ní ẹ̀yẹ́ díẹ̀, ọta yóò yà.

Ẹ̀kẹrin ló ṣe pàtàkì jù. Kí a má ṣe da epo sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fún pọ̀. Afẹ́fẹ́ tí a bá fún lójijì máa ń gbóná, epo a sì gbiná níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti ń gbiná nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lo dísù. Yóò ba rọ́bà inú ìbọn jẹ́. Lákòókò òjò, kí a fi epo díẹ̀ pa ara ọ̀pá kí ó má baà dípẹtà, kí a sì nù ún gbẹ kí a tó tún yìn ín. Kí a má fi aṣọ tútù wé e.

Ìdánwò

Kí a lẹ bébà mọ́ igi, kí a gbé ìbọn lé ohun tí kò mì, kí a sì yin ọta márùn-ún láti ibi kan náà, ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Kí a wọn bí ihò wọn ti jìnnà síra tó, kí a kọ ọjọ́ sí i, kí a sì fi bébà náà pamọ́. Bébà yìí ni ẹlẹ́rìí wa lọ́jọ́ mìíràn. Lẹ́yìn tí a bá nu ọ̀pá, kí a má bẹ̀rù bí àwọn ọta àkọ́kọ́ bá yà. Òjé ní láti tún pa ara ọ̀pá díẹ̀ kí ó tó gún régé. Bí kò bá wá gún lẹ́yìn bí ogún ọta, kí a yẹ ìdè ìbọn wò, kí a sì wò ó bóyá irú ọta mìíràn la rà.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti eré. Ọta tó yà lè sọ ẹran di aláàbọ̀ ara tí yóò kú sínú igbó láìsí ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ó sì lè la ewé kòkó kọjá lọ bá ẹni tó ń já kòkó lódì kejì. Òfin Ìbọn ilẹ̀ wa ti 1959 mọ èyí. Ó ya ìbọn ṣakabùlà sọ́tọ̀, ó sì ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún. Májèlé sì ni òjé: ẹni tó bá fọwọ́ kan ọta, kí ó fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun, kí ó sì gbé àkísà ìnubọn jìnnà sí ọmọdé.

Irin kì í purọ́ lọ́dọ̀ Ògún.  Bí a bá tọ́jú irin, yóò sọ òótọ́ fún wa. Bí a bá pa á tì, kí a má dá aládùúgbò lẹ́bi.