Òjé Inú Bẹntiróòlù: Ta Ló Jẹ̀bi, Ìmọ̀ Ni Àbí Ojúkòkòrò?

Àwọn kan máa ń sọ pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ló ba ayé jẹ́. Wọ́n ní láyé àwọn bàbá wa, kò sí èéfín mọ́tò, kò sí bọ́ǹbù, ara àwọn èèyàn sì le. Àwọn mìíràn á ní irọ́ ni, pé obìnrin wo ló fẹ́ padà sídìí ọlọ nígbà tí ẹ̀rọ ìlọta wà? Kí ẹnikẹ́ni tó dájọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ọkùnrin Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Thomas Midgley.

Láyé ọjọ́un, ẹ́ńjìnnì mọ́tò máa ń dún kó-kó-kó bíi pé èèyàn ń fi òòlù lù ú látinú, agbára ẹ̀ á sì dín kù. Lọ́dún 1921, Midgley, tó ń bá General Motors ṣiṣẹ́, rí i pé tí wọ́n bá po ògùn kan tí wọ́n fi òjé ṣe mọ́ bẹntiróòlù, ariwo náà á dákẹ́. Lọ́dún 1923, wọ́n gbé e dé ọjà. Ethyl ni wọ́n pè é; wọn ò dárúkọ òjé rárá.

Bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí aráyé ti mọ̀ pé májèlé ni òjé. Midgley náà mọ̀, nítorí òun alára ti ṣàìsàn nídìí ẹ̀. Lọ́dún 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú ní ilé iṣẹ́ kan ní New Jersey níbi tí wọ́n ti ń ṣe ògùn yìí. Orí àwọn kan dàrú kí wọ́n tó kú. Kí ni Midgley wá ṣe? Ó dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó fi ògùn náà fọ ọwọ́, ó fà á símú, ó ní kò léwu!

Owó ń wọlé, mọ́tò ń sáré, òjé sì ń bá èéfín jáde. Àwọn ọmọdé ni ìyà náà jẹ jù, nítorí òjé máa ń ba ọpọlọ wọn jẹ́. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, Clair Patterson, ló pariwo síta lọ́dún 1965. Orílẹ̀-èdè tó jáwọ́ kẹ́yìn nínú títa irú bẹntiróòlù bẹ́ẹ̀ fún mọ́tò ni Algeria, lọ́dún 2021. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko!

Àmọ́ Midgley yìí kan náà ló wà nídìí gáàsì Freon tí wọ́n máa ń lò nínú firíìjì tẹ́lẹ̀. Ṣáájú ẹ̀, gáàsì inú firíìjì lè pa onílé tó bá jò lóru. Ẹni tó ń ta ẹja dídì àti ẹni tó ń ta omi tútù jẹ àǹfààní Freon. Nígbà tó di ọdún 1974, Molina àti Rowland kìlọ̀ pé ó ń ba ààbò tó ń dín oró oòrùn kù lókè jẹ́. Lọ́dún 1987, àwọn ìjọba fọwọ́ sí àdéhùn ní Montreal láti dá a dúró. Ààbò náà ti ń padà bọ̀ sípò.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ti Freon, ẹnikẹ́ni ò mọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mọ̀, wọ́n tún un ṣe. Ti òjé, wọ́n mọ̀, wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ nítorí èrè. Sáyẹ́ǹsì ló ṣe májèlé náà lóòótọ́, sáyẹ́ǹsì náà ló tú àṣírí ẹ̀. Ojúkòkòrò ló sọ ọ́ di ikú ọmọ aráyé.

Òjé ò sì tíì kúrò láàárín wa o. Lọ́dún 2010, ní Zamfara, àwọn tó ń wa góòlù ń lọ òkúta sínú ọgbà ilé wọn, wọn ò mọ̀ pé òjé wà nínú ẹ̀. Ọmọdé tó kú tó 400. Nítorí náà, ẹni tó ń tú bátìrì mọ́tò àlòkù láti yọ́ òjé inú ẹ̀, kó má ṣe é nítòsí ibi tí wọ́n ń dáná tàbí ibi tọ́mọ ń rá. Kó fọ ọwọ́, kó pààrọ̀ aṣọ, kó tó gbọ́mọ.

Ẹni tó bá sì ń ta ohun tuntun, ká bi í léèrè ohun tó wà nínú ẹ̀. Aṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà.