Èdè Wo Ni Ìyá Àgbà Yóò Fi Bá Ọmọ-Ọmọ Rẹ̀ Sọ̀rọ̀?

Bí ìyá àgbà bá ti abúlé wá sí Libreville, olú-ìlú Gabon, inú ọmọ-ọmọ rẹ̀ a máa dùn. Ọmọ á sáré dì mọ́ ọn, ìyá àgbà á tú ẹrù, á kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà jáde. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé, bí wọ́n bá jókòó tán, ọ̀rọ̀ a tán lẹ́nu wọn. Èdè Faransé nìkan lọmọ gbọ́; Fang tàbí Punu ló yọ̀ mọ́ ìyá àgbà lẹ́nu. Òbí ọmọ ló ń ṣe ògbufọ̀.

Ọmọ kọ́ ló jẹ̀bi. Èdè bí 40 ni wọ́n ń sọ ní Gabon, Faransé sì ni èdè ìjọba àti ti ilé ìwé. Bí Fang bá fẹ́ Punu, Faransé ni wọ́n sábà máa ń sọ nílé. Ó rọ tọkọtaya lọ́rùn, àmọ́ ìyá àgbà ló ń jìyà rẹ̀.

Ohun tó ń sọ nù kì í ṣe kékeré. Nílẹ̀ Yorùbá, ìyá àgbà a máa pe ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní "ọkọ mi". Àwàdà yìí ló ń jẹ́ kí ọmọ lè sọ ohun tí kò lè sọ fún bàbá rẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá dá sí i, adùn rẹ̀ ti lọ.

Ọmọ Gabon kan ti fọwọ́ pàtàkì mú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tipẹ́. Àlùfáà André Raponda-Walker, tí wọ́n bí ní 1871, jẹ́ ọmọ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti obìnrin Mpongwe, ẹ̀yà tó ti ń gbé Libreville kí Faransé tó dé. Ó kọ àlọ́, òwe àti orúkọ ewé sílẹ̀ kó tó kú ní 1968. Ìwé rẹ̀ wà dòní. Ṣùgbọ́n ìwé kì í gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ pàlọ́.

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Èkó, Ìbàdàn tàbí ìlú òyìnbó, ṣé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín? Bí màmá bá pè lórí fóònù, ẹ gbé e fún ọmọ. Ẹ jẹ́ kó kí i, kó dárúkọ oúnjẹ tó jẹ. Bó bá ṣì í sọ, ẹ má yára túmọ̀; ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín, á tún un ṣe. Ọmọ tó gbọ́ "ṣé o ti jẹun?" lónìí, yóò gbọ́ àlọ́ lọ́la.