RÍRA ALÙPÙPÙ ÀLÒKÙ: BÍ A TI Í MỌ ÈYÍ TÍ Ó TI RÌN JÙ

Ní Ìlerò àti ní gbogbo ilẹ̀ Òkè-Ògùn, oko kì í sábà sí lẹ́bàá ilé. Ní ayé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni àgbẹ̀ fi ń rin ọ̀nà náà, orí ni a sì fi ń ru ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo bọ̀ wá sí ilé. Lẹ́yìn náà ni kẹ̀kẹ́ dé. Nísisìyí, alùpùpù, tí àwọn kan ń pè ní máṣíìnì, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní ọ̀kadà, ni ó gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ àti ti orí ṣe. Òun ni ó ń gbé àgbẹ̀ lọ sí oko ní òwúrọ̀. Òun ni ó ń gbé àpò àgbàdo lọ sí ọjà Òkèhò tàbí Ìsẹ́yìn. Òun náà ni a sì ń pè ní òru nígbà tí aboyún bá ń rọbí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi owó ìkórè rẹ̀ ra èyí tí ó ti gbó tán, ìyọnu ni ó rà wọ ilé rẹ̀.

Ohun èlò yìí kò tíì pẹ́ láyé púpọ̀. Ní 1885 ni Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach, ará ilẹ̀ Jámánì, fi ẹ́ńjìnnì sí kẹ̀kẹ́ onígi kan lára. Ní 1958 ilé iṣẹ́ Honda ní ilẹ̀ Japan bẹ̀rẹ̀ sí ṣe Super Cub, alùpùpù kékeré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rà. Nígbà tí yóò fi di 2017, iye èyí tí wọ́n ti ṣe ti pé mílíọ̀nù 100. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ni ó gbé CG125 jáde ní 1976 fún àwọn ilẹ̀ tí ọ̀nà wọn kò dára, tí àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í sì í tètè tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Orúkọ náà ọ̀kadà sì wá láti ara Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983.

Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ mú owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù Karùn-ún, náírà sì já wálẹ̀ lọ́wọ́ dọ́là láti oṣù Kẹfà. Láti ìgbà náà ni owó alùpùpù tuntun ti ga ju agbára ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lọ, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń yà sí àlòkù. Kò sí ohun tí ó burú nínú àlòkù. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ra màlúù kì í béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí ó ń tà á kí ó sì lọ. Eyín màlúù ni ó ń wò, ó sì ń wo ìwo rẹ̀. Alùpùpù pẹ̀lú ní eyín tirẹ̀ àti ìwo tirẹ̀.

OHUN TÍ MÍTÀ Ń SỌ

Ohun àkọ́kọ́ tí gbogbo olùrà ń wò ni mítà, níbi tí a kọ iye kìlómítà tí alùpùpù ti rìn sí. Ó yẹ kí a mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́ kí a tó gbà á gbọ́. Nínú púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù kékeré, táyà iwájú ni ó ń yí wáyà mítà, wáyà náà ni ó sì ń yí nọ́ńbà inú rẹ̀. Bí a bá fi okùn wọn àyíká táyà náà, gígùn rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Nítorí náà, ó ní láti yí ju ìgbà 500 lọ kí a tó rin kìlómítà 1. Ní ọjọ́ tí wáyà bá já, mítà dúró, ṣùgbọ́n alùpùpù kò dúró. Ó lè rìn fún ọdún 2 tàbí 3 bẹ́ẹ̀, kí mítà má sì kọ ẹyọ kan sílẹ̀. Kí olùrà gbé táyà iwájú kúrò ní ilẹ̀, kí ó fi ọwọ́ yí i kíákíá, kí ó sì wo abẹ́rẹ́ mítà. Bí abẹ́rẹ́ kò bá mira, iye tí ó wà níbẹ̀ kò ní ìtumọ̀.

Ohun kejì ni pé nọ́ńbà mítà ní òpin. Èyí tí ó ní nọ́ńbà 5 kò lè kọjá 99,999. Lẹ́yìn rẹ̀, yóò padà sí òdo. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Àgbẹ̀ kan ń lọ sí oko tí ó jìnnà ní kìlómítà 10, ó sì ń padà: èyí jẹ́ kìlómítà 20 ní ọjọ́ kan, 120 ní ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ 6, àti 6,000 ní ọ̀sẹ̀ 50. Ní ọdún 4, mítà rẹ̀ yóò kọ 24,000. Ọlọ́kadà kan ń fi tirẹ̀ gbé èrò, ó ń rin kìlómítà 100 ní ọjọ́ kan fún ọjọ́ 300 nínú ọdún: èyí jẹ́ 30,000 ní ọdún kan, àti 120,000 ní ọdún 4. Ṣùgbọ́n mítà onínọ́ńbà 5 kò lè kọ 120,000. 20,000 ni yóò fi hàn. Bí a bá gbé alùpùpù méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ti ọlọ́kadà ni yóò dà bí èyí tí kò rìn púpọ̀! Ẹni tí ó bá ka nọ́ńbà nìkan, tí kò béèrè iṣẹ́ tí alùpùpù náà ṣe, yóò mú èyí tí ó ti gbó.

Kí olùrà ṣọ́ra fún nǹkan méjì mìíràn. Nínú àwọn mítà kan, nọ́ńbà ìgbẹ̀yìn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá kìlómítà. A kì í kà á mọ́ àwọn yòókù. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń ka máìlì, kì í ṣe kìlómítà, máìlì 10,000 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìlómítà 16,000.

Ìkẹta ni ẹ̀tàn. A lè yí nọ́ńbà mítà padà sẹ́yìn, a sì lè yọ mítà ti àtijọ́ kúrò kí a fi òmíràn sí i. Ìwà yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ kan ṣoṣo: ní Amẹ́ríkà, ó di dandan kí ìjọba ṣe òfin ní 1972 láti fi dá àwọn tí ń dín iye orí mítà ọkọ̀ kù lẹ́kun. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí kan ni mítà jẹ́. Kí a gbọ́ ti àwọn ẹlẹ́rìí yòókù kí a tó dá ẹjọ́.

ÀWỌN ẸLẸ́RÌÍ YÒÓKÙ

Kí olùrà wá ní òwúrọ̀, kí ó sì fi ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni tó tanná sí i. Bí ó bá ti gbóná, kí ó béèrè ìdí rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tí ó ṣòro láti jí ní tútù ni a sábà máa ń gbóná sílẹ̀ de olùrà. Lẹ́yìn èyí, kí ó fi ọwọ́ tẹ kíìkì díẹ̀díẹ̀ láì tanná. Ó yẹ kí kíìkì takú díẹ̀ kí ó tó lọ; bí ó bá rọ̀ wọlẹ̀ láì sí ohun tí ó dá a dúró, ríìngì tàbí fáàfù ti jẹ.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí a wo ẹ̀fín ẹnu sàléńsà. Ẹ̀fín tí ó dà bí omi aró ń fi hàn pé ọ́ìlì ń jóná nínú ẹ́ńjìnnì, àmì ẹni tí ó ti rin ìrìn púpọ̀ ni. Ẹ̀fín dúdú jẹ́ ti epo tí ó pọ̀ jù, èyí tí a lè tún ṣe pẹ̀lú owó díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a rántí pé àwọn alùpùpù kan, gẹ́gẹ́ bí Suzuki AX100, ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo nípa bí a ti ṣe wọ́n. Ẹ̀fín díẹ̀ nínú irú wọn kì í ṣe àìsàn.

Kí a yọ ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì. Ọ́ìlì tí ó funfun bí ẹ̀kọ ní omi nínú; èyí tí ó ń tàn yanranyanran ní ìgbẹ́ irin nínú, ẹ́ńjìnnì náà sì ń jẹ ara rẹ̀.

Ṣéènì kì í purọ́. Kí a di ṣéènì mú ní ẹ̀yìn eyín irin táyà ẹ̀yìn, kí a fà á sí ẹ̀yìn. Bí ó bá dìde tí ìdajì eyín náà fi hàn, ó ti gùn jù. Bí eyín irin náà bá sì ti mú ṣóńṣó, tí ó tẹ̀ bí ìkọ́ apẹja, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ kìlómítà ni. Kí a wo rọ́bà ìtẹsẹ̀, rọ́bà ọwọ́ àti ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ jíà: bí wọ́n bá ti dán bí òkúta odò, tí mítà sì ń sọ pé kìlómítà 5,000 péré ni, ọ̀kan nínú wọn ń parọ́. Kí a wo ibi tí a ti ń fún bíréèkì ẹ̀yìn. Bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá ti dé òpin, bíréèkì inú rẹ̀ ti jẹ tán.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣú òkùnkùn, à á bẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ ni. Kí olùrà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó wo férémù tí í ṣe egungun alùpùpù, ní ọrùn rẹ̀ àti ní abẹ́ ìjókòó. Àlàjá, ojú ibi tí a jó pọ̀, tàbí ọ̀dà tuntun ní ibì kan ṣoṣo, ń fi hàn pé ó ti ṣubú rí tàbí pé ẹrù ti ṣẹ́ ẹ. Ẹ́ńjìnnì ṣeé tún ṣe; ṣùgbọ́n férémù tí ó bá ṣẹ́ lórí eré lè gba ẹ̀mí. Kí a dúró ní ẹ̀yìn, kí a wò ó bí táyà méjèèjì bá wà lórí ìlà kan. Kí a sì di táyà kọ̀ọ̀kan mú, kí a mì í sí ọ̀tún àti òsì. Kò yẹ kí ó máa mì.

IYE WO NI Ó PỌ̀ JÙ?

Kò sí iye kan tí a lè kọ sílẹ̀ fún gbogbo alùpùpù. Èyí tí olùkọ́ kan fi ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ lórí ọ̀dà, tí ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní àkókò, lè rin 30,000 kí ó sì lágbára ju èyí tí ó rin 10,000 lọ lábẹ́ àpò ẹ̀gẹ́ 3, nínú eruku ọyẹ́, pẹ̀lú ọ́ìlì tí ó ti di ẹrẹ̀. Bí ẹni tí ń tà á bá sọ pé òun ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe, kí a béèrè ìwọ̀n píìsítìnì tí ó fi sí i. Nígbà tí a bá gbẹ́ inú ihò píìsítìnì fẹ̀, a máa ń fi èyí tí ó tóbi jù sí i: 0.25, lẹ́yìn náà 0.50, 0.75, títí dé 1.00 mílímítà. Ẹ́ńjìnnì tí ó wà ní 0.25 ṣì ní ọjọ́ níwájú. Èyí tí ó ti dé 1.00 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ogún rẹ̀ tán.

Kí olùrà mú mẹkáníìkì tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ dání, kì í ṣe ti ẹni tí ń tà á. Kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí a ní láti pààrọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ kún owó tí a dá lé alùpùpù náà. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, èyí tí ó dà bí ọ̀pọ̀ ni yóò wọ́n jù.

ÌWÉ ÀTI AKOTO

Kí a fi nọ́ńbà ara férémù àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wé ti inú ìwé. Bí a bá ti há nọ́ńbà náà kúrò, tàbí tí ìwé kò sí, kí a fi í sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ra ẹrù olè, òfin yóò mú un. Ní ilé ẹni tí ń tà á ni kí a ti san owó, níwájú ẹlẹ́rìí, kí a sì gba ìwé ẹ̀rí tí ó ní orúkọ, nọ́ńbà méjèèjì àti ọjọ́.

Kí a má ṣe ná gbogbo owó tán lórí irin. Kí a fi díẹ̀ sílẹ̀ fún akoto. Àwọn ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn Cochrane kó jọ ní 2008 fi hàn pé akoto ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69, fún ẹni tí ó bá ṣubú. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2009 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú òfin rẹ̀; ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ẹ̀ṣọ́ ni ó yẹ kí a fi dé e. Lójú ọ̀nà oko tí ẹ̀ṣọ́ kì í dé, òkúta wà níbẹ̀.

Nígbà tí alùpùpù bá ti dé ilé, kí àgbẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì gbọn eruku inú asẹ́ atẹ́gùn rẹ̀ nígbà gbogbo ní àkókò ọyẹ́. Kí ó kọ iye orí mítà sí etí ojú ìwé oṣù náà nínú àlìmánákì yìí, kí ó sì máa kọ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí wáyà mítà bá já, kí ó kọ ọjọ́ tí ó já. Ìkọsílẹ̀ yìí yóò rán an létí ìgbà tí ọ́ìlì tó pààrọ̀. Ní ọjọ́ tí ó bá sì fẹ́ tà á fún ẹlòmíràn, yóò ní òtítọ́ tí ó lè fi lé olùrà lọ́wọ́.